Ìbéèrè Láti Ẹ̀pẹ́: Ọdún Mélòó Ló Kù fún Bàbá Wa?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀yin dókítà wa,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ ni mo ti ń ta ẹja, èmi sì ni àkọ́bí bàbá wa tó ti di ẹni ọdún 73. Apẹja ni wọ́n. Nígbà tí wọn kò lè bá ọ̀sà fà á mọ́, wọ́n jókòó sílé, wọ́n ń hun àwọ̀n, wọ́n sì ń bá àwọn ọ̀dọ́ tún èyí tó bá ya ṣe.

Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án báyìí tí wọ́n ti ń jà lójú oorun. Wọn a pariwo bí ẹni tó ń fa àwọ̀n, wọn a máa ta ẹsẹ̀, wọ́n sì ti fi ìgúnpá gbá ìyá wa lójú rí. Ẹ̀rín la máa ń fi í rín nígbà náà. Nígbà tó yá, wọn kò gbóòórùn ẹja yíyan mọ́, ìgbẹ́ sì ń gbẹ mọ́ wọn nínú. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, ọwọ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣì lára àwọ̀n: wọn a mú abẹ́rẹ́ ìhun dání, wọn a sì máa wo ihò àwọ̀n bí ẹni tí kò rí irú rẹ̀ rí. Láti ọdún tó kọjá ni wọ́n ti ń rí àwọn ọmọ kéékèèké tó ń jókòó sórí àpótí nínú yàrá wọn, àwọn ọmọ náà kì í sì í sọ̀rọ̀. Lónìí wọn a sọ ìtàn ọdún Kayokayo ìlú wa fún wa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìṣì ẹyọ kan, tó bá di ọ̀la, wọn kò ní mọ̀ pé ilé àwọn ni àwọn wà. Wọ́n ti ṣubú lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mejì nínú rẹ̀ sì jẹ́ ìgbà tí wọ́n ń dìde láti ìforíkanlẹ̀ lórí ìrun àsùbáà. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru.

Ilé ìwòsàn aládàáni kan fún wọn ní abẹ́rẹ́ nítorí àwọn ọmọ tí wọ́n ń rí yìí. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni wọ́n fi le gbagidi bí igi, tí wọn kò sì lè gbé itọ́ mì. Ilé ìwòsàn ńlá tí a wá gbé wọn lọ ló sọ fún wa pé Lewy body dementia ni, ìyẹn oríṣi arán kan, àìsàn ọpọlọ tó ń ba ìrònú jẹ́. Àbúrò mi kà á lórí fóònù pé ọdún márùn-ún ni ẹni tó bá ní in máa ń lò, ó tún kà á níbòmíràn pé àwọn tó bá ń rí ìran kì í pẹ́. Àwọn ẹbí kan ní ayé ló ń ṣe wọ́n, àwọn mìíràn ní àìsàn òyìnbó ni. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ lè jẹ́ kí a mọ bí yóò ṣe parí? Ọdún mélòó ló kù? Ṣé kí n ti máa múra sílẹ̀ ni?

Àkọ́bí Bàbá, Ẹ̀pẹ́.

ÌDÁHÙN

Ẹ kú ìtọ́jú bàbá o, ẹ sì kú ìrójú. Mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹ ṣe to àwọn nǹkan wọ̀nyí tẹ̀ léra, láti orí ìjà ojú oorun títí dé orí àwọn ọmọ orí àpótí, ọ̀pọ̀ fáìlì ilé ìwòsàn kò létò tó bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dà á kọ sínú ìwé kan, kí ẹ sì máa mú un dání nígbàkúùgbà tí ẹ bá ń gbé bàbá lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Ìbéèrè tó wúwo jù ni n óò kọ́kọ́ dáhùn. Bí àrùn yìí ṣe bẹ̀rẹ̀ lára ènìyàn máa ń tọ́ka sí ọ̀nà tí yóò gbà rìn, ṣùgbọ́n kì í tọ́ka sí ọjọ́. Ohun tó máa ń fi hàn wá kedere jù ni ẹnu ọ̀nà tí ewu yóò gbà wọlé, lójú tèmi, ìyẹn sì wúlò fún ìdílé ju iye ọdún lọ, nítorí pé ẹnu ọ̀nà ṣeé tì.

Ọdún márùn-ún tí àbúrò yín kà kì í ṣe irọ́, àmọ́ ó ku díẹ̀ kí ó pé. Àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí ọ̀rọ̀ ọjọ́ ogbó, National Institute on Aging, sọ pé láti ọjọ́ tí dókítà bá ti dá àrùn náà mọ̀, ọdún 5 sí 8 ni ó sábà máa ń jẹ́, ṣùgbọ́n ó lè má ju ọdún 2 lọ, ó sì lè gùn tó 20. Àtúnyẹ̀wò kan tó jáde ní ọdún 2019, èyí tó kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwádìí pọ̀, rí ohun tó lé díẹ̀ ní ọdún 4, nígbà tí ti àrùn Alzheimer, oríṣi arán tó sábà máa ń fi ìgbàgbé bẹ̀rẹ̀, lé ní ọdún 5 àti ààbọ̀. Ìdí kan tí àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí kò fi bára mu ni ibi tí oníkálùkù ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ẹ wo bàbá tiyín: bí a bá kà á láti òru tí wọ́n fi ìgúnpá gbá ìyá yín, wọ́n ti lo ọdún mẹ́sàn-án, bí a bá kà á láti ìgbà tí àwọ̀n rú wọn lójú, ọdún méjì, bí ó bá sì jẹ́ láti ọjọ́ tí dókítà dárúkọ àrùn náà, kò tíì pẹ́ rárá. Lẹ́yìn èyí, ìṣirò náà da ẹni ọdún 86 tó tún ní àrùn ọkàn pọ̀ mọ́ ẹni ọdún 66 tí ara rẹ̀ le, wọ́n sì pín in dọ́gba. Nọ́ńbà tó jáde nínú irú ìpín bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti ẹnì kankan nínú wọn.

Kí ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ àìsàn lè yé wa, ẹ jẹ́ kí a wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọpọlọ. Ní ọdún 1912 ni dókítà ọmọ Jámánì kan, Fritz Lewy, rí àwọn kókó kéékèèké, tí a wá ń fi orúkọ rẹ̀ pè ní Lewy body, nínú ọpọlọ àwọn tó ní àrùn Parkinson, èyí tó máa ń mú ara gbọ̀n, tó sì ń mú un le. Ọdún 1976 ni Kenji Kosaka ní ilẹ̀ Japan ṣàlàyé pé irú kókó bẹ́ẹ̀ lè tàn kálẹ̀ dé ojú ọpọlọ lókè, kí ó sì fa arán. Ní 1997 ni àwọn onímọ̀ rí i pé purotéènì tí wọ́n ń pè ní alpha-synuclein ló dì pọ̀ di kókó náà. Nínú ọ̀pọ̀ ènìyàn, ìsàlẹ̀ ọpọlọ, níbi tí a ti ń darí oorun, àti iṣan tó ń gbé òórùn wọlé, àti àwọn iṣan inú ìfun ni kókó wọ̀nyí kọ́kọ́ máa ń dé, kí wọ́n tó gòkè lọ síbi tí a fi ń ronú. Ìdí nìyẹn tí bàbá yín fi jà lójú oorun, tí imú wọn fi kú, tí ìgbẹ́ fi gbẹ, ní ọ̀pọ̀ ọdún kí ọwọ́ wọn tó ṣì lára àwọ̀n.

Nígbà tí a bá ń lálàá, ara wa máa ń rọ jọ̀ọ́, kí a má baà ṣe ohun tí a ń rí lójú àlá. Ohun tó ń dí ara yìí lọ́wọ́ ló bàjẹ́ lára bàbá, bí wọ́n bá ti lálàá pé wọ́n ń fa àwọ̀n, ọwọ́ wọn gan-an ni yóò máa fà á. Ìwádìí kan tó jáde ní 2019 tẹ̀ lé ènìyàn 1,280 tí oorun wọn rí báyìí, ní ibùdó ìtọ́jú 24. Bí wọ́n ṣe ṣírò rẹ̀, láàárín ọdún 12, nǹkan bí mẹ́ta nínú mẹ́rin ni àrùn Parkinson, tàbí arán, tàbí àrùn mìíràn tó jọ wọ́n yóò ti hàn lára wọn. Nítorí náà, ìjà ojú oorun yẹn ni orí kìn-ín-ní nínú ìwé àìsàn bàbá, kò sì sí ẹni tó lè dá yín lẹ́bi pé ẹ rín in, gbogbo ayé ló ń rín in.

Ohun tó dára díẹ̀ wà nínú irú ìbẹ̀rẹ̀ yìí. Nígbà tí wọ́n yẹ ọpọlọ àwọn tó ti kú wò, wọ́n rí i pé àwọn tí ìjà ojú oorun ṣáájú tiwọn kì í sábà ní ìdọ̀tí Alzheimer tó pọ̀ nínú ọpọlọ. Èyí ṣe pàtàkì, nítorí pé níbi tí àrùn méjèèjì bá ti gbé inú ọpọlọ kan náà pọ̀, ó máa ń yára jù, ẹ̀mí kì í sì í gùn tó ti ẹni tó ní ọ̀kan. Ẹni tó jẹ́ pé ìgbàgbé gan-an ló fi bẹ̀rẹ̀, tó ń béèrè ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́fà láàárín wákàtí kan, ni a máa ń fura sí pé àrùn méjèèjì ló wà lára rẹ̀. Ti bàbá yín kò rí bẹ́ẹ̀: ojú àti ọwọ́ ni kò gbọ́ ara wọn yé mọ́ lórí àwọ̀n, ìrántí wọn sì ṣì múná débi pé wọ́n lè sọ ìtàn Kayokayo láìṣì.

Ọ̀nà mìíràn tún wà tí ó máa ń gbà bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2020, àwọn àgbà onímọ̀ àrùn yìí kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó lè bẹ̀rẹ̀ bí ọkàn tó rẹ̀wẹ̀sì gidigidi tàbí ìfura òdì lójijì lọ́jọ́ ogbó, ó sì tún lè bẹ̀rẹ̀ bí ìdàrúdàpọ̀ ọpọlọ tó bá ibà tàbí iṣẹ́ abẹ dé, tí kò sì lọ tán. Irú àwọn wọ̀nyí ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbé kiri ilé àdúrà àti ilé aláwo, kí a tó mọ ohun tó ń ṣe wọ́n.

Ní ti àwọn ọmọ orí àpótí, òótọ́ ni pé àwọn ìwádìí kan rí i pé ẹni tó bá tètè ń rí ìran, tí ọpọlọ rẹ̀ sì ń ṣí, tó ń pa dé láti ọjọ́ dé ọjọ́, ẹ̀mí rẹ̀ kì í sábà gùn tó ti ẹni tí kò ní irú rẹ̀. Mi ò ní fi í pamọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wo ìdí kan tí ó fi lè rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń rí ìran ni wọ́n máa ń fún ní abẹ́rẹ́. Ní ọdún 1992, dókítà Ian McKeith àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Newcastle, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ̀wé nípa àwọn arúgbó tó ní àrùn yìí, tí wọ́n sì fún ní irú oògùn tí a fi ń mú ẹni tí orí rẹ̀ dàrú balẹ̀. Nǹkan bí ìdajì wọn ni oògùn náà yí bìrí mọ́, tí ara wọn le, tí oorun ìjìkà gbé wọn, tàbí tí wọn kò lè gbé nǹkan mì mọ́, ikú sì fi ìlọ́po méjì sí mẹ́ta pọ̀ láàárín wọn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí bàbá fún ọjọ́ mẹ́rin yẹn nìyẹn. Kì í ṣe àìsàn ló sáré síwájú, oògùn ni. Ẹ kọ ọ́ sórí káàdì líle kan, kí ó wà nínú àpò aṣọ bàbá nígbà gbogbo: “Mo ní àrùn Lewy body. Ẹ má fún mi ní haloperidol tàbí chlorpromazine.” Ẹ fi metoclopramide tí wọ́n ń lò fún èébì kún un. Ẹ má sì ra chlorpheniramine, tí gbogbo wa mọ̀ sí Piriton, fún wọn láti fi sùn, nítorí pé ó lè da ọpọlọ irú wọn rú síi.

Bí àwọn ọmọ náà kò bá dẹ́rù ba bàbá, kò pọn dandan kí ẹ lé wọn. Ẹ má bá wọn jiyàn, ẹ má sì sọ pé ẹ̀yin náà rí wọn. “Bàbá, èmi ò rí wọn o, ṣùgbọ́n mo wà níbí pẹ̀lú yín” ti tó. Ẹ tan iná yàrá náà kí ó mọ́lẹ̀ dáadáa, kí ẹ sì ká aṣọ tó wà lórí àpótí kúrò, nítorí pé aṣọ tó ká jọ nínú òkùnkùn ni ojú wọn máa ń sọ di ènìyàn. Bí ó bá ń dà wọ́n láàmú, oògùn bíi rivastigmine àti donepezil wà tí dókítà lè kọ fún wọn, wọ́n sì máa ń ran ìrònú lọ́wọ́ pẹ̀lú. Donepezil yìí ni ilẹ̀ Japan fọwọ́ sí fún àrùn yìí gan-an ní 2014.

Èyí tó ká mi lára jù nínú lẹ́tà yín ni ìṣubú lórí ìrun àsùbáà. Àrùn yìí máa ń ba àwọn iṣan tó ń gbé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ró jẹ́, tí ènìyàn bá dìde, ẹ̀jẹ̀ kò ní tètè gòkè dé orí. Mo rántí bàbá kan tí a wọn ìfúnpá rẹ̀ lórí ibùsùn, tí nọ́ńbà òkè jẹ́ 138, tó ń bá wa ṣàwàdà. A ní kí wọ́n dìde. Kò tó ìṣẹ́jú kan tí ẹ̀rín náà dá lẹ́nu wọn, wọ́n di etí tábìlì mú, ojú wọn ṣú, ẹ̀rọ náà sì ka 94. Bẹ́ẹ̀, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru méjì ni wọ́n ń lò lójoojúmọ́. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Sweden, tó jáde ní 2012, rí i pé àwọn tí ìfúnpá wọn ń wálẹ̀ báyìí nígbà gbogbo kì í pẹ́ láyé tó àwọn tí tiwọn dúró, pàápàá tí ìgbẹ́ gbígbẹ tàbí àìlèdá ìtọ̀ dúró bá tún wà pẹ̀lú rẹ̀. Ènìyàn 30 péré ni wọ́n tẹ̀ lé, nítorí náà n kò ní fi wọn ọdún bàbá yín, ṣùgbọ́n ó tó ohun tí a fi ń dìde ṣiṣẹ́. Ẹ ní kí nọ́ọ̀sì wọn ìfúnpá wọn lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dùbúlẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5, kí ó tún un wọ̀n nígbà tí wọ́n bá ti dúró fún ìṣẹ́jú 1, àti ìṣẹ́jú 3. Bí nọ́ńbà òkè bá fi 20 wálẹ̀, tàbí tí ti ìsàlẹ̀ fi 10 wálẹ̀, dókítà gbọ́dọ̀ tún oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yẹn yẹ̀ wò. Ẹ má ṣe dá a dúró fúnra yín o.

Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ẹ jẹ́ kí bàbá máa jókòó sétí ibùsùn díẹ̀ kí wọ́n tó dìde, kí wọ́n mu omi ife kan ní òwúrọ̀, kí wọ́n sì máa jókòó kírun. Ẹ̀sìn Ìsìláàmù gba aláìsàn láyè láti ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì gbà á láyè láti má gba ààwẹ̀ tó lè pa á lára. Ẹ jẹ́ kí Ìmáàmù àdúgbò fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún wọn, nítorí mo mọ̀ pé àgbààgbà Ẹ̀pẹ́ kì í gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọmọ. Ààwẹ̀ gbígbẹ nínú oòrùn lè gbé irú wọn ṣubú kí ọ̀sán tó pọ́n.

Ẹ tún ṣọ́ nǹkan méjì. Bí bàbá bá burú síi ju bí wọ́n ṣe máa ń ṣe lọ láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì, ẹ má sọ pé àìsàn ti dé ìpele kejì, nítorí pé bí àrùn yìí ṣe ń rìn kọ́ nìyẹn. Ẹ wá ìdí rẹ̀: àkóràn inú ìtọ̀, òtútù àyà, ibà, ìgbẹ́ tó dí, òùngbẹ, tàbí oògùn tuntun. Ọ̀pọ̀ ìgbà, bí ẹ bá tọ́jú ìyẹn, wọn yóò padà sí bí wọ́n ṣe wà. Ìkejì ni ọ̀fun. Òtútù àyà tó ń wá láti ara oúnjẹ tó gba ọ̀nà èémí wọ àyà wà lára ohun tó sábà máa ń mú wọn lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó gangan jẹun, kí òkèlè kéré, kí ẹ sì yọ egungun ẹja tán pátápátá. Bí wọ́n bá ń wúkọ́ tí wọ́n bá ń mu omi, ẹ sọ fún dókítà.

Fún àwọn ẹbí tó ní àìsàn òyìnbó ni: ní 1992 ni àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Ìbàdàn, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéṣọlá Ògúnníyì wà lára wọn, pẹ̀lú ẹlẹgbẹ́ wọn láti Indianapolis ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í wá oríṣiríṣi arán láàárín àwọn àgbààgbà Ìdíkàn ní Ìbàdàn. Wọ́n rí i. Èsì tó jáde ní 2001 fi hàn pé lọ́dọọdún, 1.35 nínú 100 ni arán tuntun ń mú níbẹ̀, ó sì jẹ́ 3.24 láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis. Ó kéré lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n ó wà. Fún àwọn tó ní ayé ló ń ṣe wọ́n, mi ò bá wọn jà, kí wọ́n ṣáà máa gbàdúrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn bàbá, kí wọ́n má gbé wọn lọ síbi tí wọn yóò ti so wọ́n mọ́lẹ̀ tàbí febi pa wọ́n.

Ẹ béèrè pé ṣé kí ẹ máa múra sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, kí ẹ sì ṣe é nísinsìnyí tí ọjọ́ tó mọ́lẹ̀ ṣì pọ̀. Ní ọjọ́ tí bàbá bá jí tí ojú wọn mọ́ kedere, ẹ pe àwọn àbúrò yín jọ, ẹ béèrè ọ̀rọ̀ ilé àti ilẹ̀, ta ni wọ́n jẹ ní gbèsè, ta ló jẹ wọ́n, ibo ni wọ́n fẹ́ kí a ti máa tọ́jú wọn. Ẹ jẹ́ kí ẹlẹ́rìí wà, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé àwọ̀n kan fún wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yin ni ẹ óò tún un hun ní ìrọ̀lẹ́.

ÌBÉÈRÈ KÚKÚRÚ

Ẹni ọdún 58 ni ọkọ mi. Ó máa ń ta ẹsẹ̀, ó sì máa ń pariwo lójú oorun. Ṣé ó ti ní arán nìyẹn?
Ìyàwó Ilé, Ìkòròdú.

ÌDÁHÙN

Kò túmọ̀ sí bẹ́ẹ̀ o, ìyá. Ẹni tó ń hanrun tí èémí rẹ̀ sì ń dá lójú oorun lè ṣe bẹ́ẹ̀, ọtí àti àwọn oògùn kan tí wọ́n ń lò fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn sì lè fà á. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé àlá tó ń lá gan-an ló ń fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ṣe, tó sì lè rọ́ àlá náà tí ẹ bá jí i, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà iṣan àti ọpọlọ. Kò tíì sí oògùn tó ń dí arán lọ́nà kí ó má dé, àmọ́ yóò ti wà nínú ìwé pé oorun rẹ̀ rí báyìí, ẹnikẹ́ni kò sì ní ṣèèṣì fún un ní abẹ́rẹ́ burúkú lọ́jọ́ iwájú. Ní ti òru òní, ẹ tẹ́ tìmùtìmù sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ tó máa ń ré sí, kí ẹ sì gbé tábìlì onígun àti fìtílà kúrò nítòsí ibùsùn.